Òkúta Láti Inú Odò

Ẹ ka: Jóṣúà 3:14–17; 4:1–9

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ̀yin tí iṣẹ́ ọba, òwò, ẹ̀kọ́ tàbí ìpè Ọlọ́run mú jìnnà sílé, ìbáà jẹ́ Jọs lẹ wà, tàbí Kánò, tàbí Yẹnagóà, tàbí òkè òkun, ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kàn yín.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè kan bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnìkan bá bi yín pé, "Níbo lẹ ti wá?", ìlú wo lẹ máa ń dárúkọ? Ní tèmi, Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo ti lọ sí Sẹ́mínárì, ibẹ̀ ni màámi wà títí di òní. Ó ti tó ọdún márùn-ún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ míṣọ̀n ní abúlé kan lápá Kótónkárífí, ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bi mí, Ògbómọ̀ṣọ́ náà ni. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Ohun tó burú ni èyí tó fara pamọ́ sẹ́yìn ìdáhùn mi, tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni títí di oṣù tó kọjá.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, bàbá mi sùn nínú Olúwa. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni ẹ̀gbọ́n mi pè mí. Bàbá ti sọ fún wa tipẹ́ pé àwọn kò fẹ́ kí a fi òkú àwọn pamọ́, nítorí náà wọ́n fi ìsìnkú sí ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ náà. Mo di ẹrù mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba ọ̀nà Àbújá sí Lọ́kọ́ja lọ́dún náà kò ní gbàgbé ohun tí omi ṣe. Odò Ọya kún kọjá bèbè rẹ̀, ó gba ilé, ó gba oko, ó bo títì mọ́lẹ̀. Àwọn tírélà tò bí ẹni tí wọ́n fi okùn so pọ̀. Àwọn èèyàn sùn sójú ọ̀nà fún ọjọ́ púpọ̀.

Àwọn kan ń wọ ọkọ̀ igi kọjá. Mo ní èmi náà yóò wọ̀ ọ́. Díákónì wa àgbà di ọwọ́ báàgì mi mú. Wọ́n ní, "Òkú kan la gbọ́ nílé yín. A kò fẹ́ gbọ́ ìkejì." Mo sunkún, mo bẹ̀bẹ̀, wọn kò gbà. Ní aago mẹ́wàá ọjọ́ Ẹtì, wọ́n sin bàbá mi. Èmi ọmọ wọn kò bu erùpẹ̀ lé wọn lórí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bá ilẹ̀ yẹn bínú. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mo ń wàásù. Mo ń bẹ aláìsàn wò. Mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Ẹni tó bá rí mi yóò ní, "Iṣẹ́ Olúwa ń lọ." Ṣùgbọ́n n kò gbin ohunkóhun sí ẹ̀yìnkùlé mi mọ́. Ẹ̀fọ́ tí mo lè já lẹ́yìn ilé, ọjà ni mo ti ń rà á. Àpótí mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, bíi ti ẹni tó ń retí ọkọ̀. Bí díákónì náà bá kí mi, mo ń dáhùn pẹ̀lú ẹ̀rín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé inú. Odún mẹ́ta ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, mo kọ lẹ́tà pé kí wọ́n gbé mi padà sápá ilé. Mo gbé e lọ sí Lọ́kọ́ja fún ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ wa. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, wọ́n ní ó ti lọ sí ìpàdé, yóò dé ní aago mẹ́rin. Aago méjìlá kò tíì lù. Ẹ̀yin tí ẹ mọ oòrùn Lọ́kọ́ja, ẹ mọ̀ pé ènìyàn kì í dúró síta láìnídìí. Bí mo ṣe ń wá ibòji kiri ni mo rí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré kan. Mo bi bàbá tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà pé èló ni wọ́n ń gbà. Wọ́n ní, "Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kàn kọ orúkọ yín síwèé."

Ìwé náà ní ibi tí a óò kọ orúkọ sí, ibi tí a óò kọ ìlú sí, àti ibi tí a óò kọ ọjọ́ sí. Mo kọ Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá náà wò ó. Ọmọ Owórò ni wọ́n, èdè wọn sì súnmọ́ tiwa tó bẹ́ẹ̀ tí a fi gbọ́ ara wa yé.

"Àǹtí, Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ ti jí wá lónìí?"

"Rárá o, bàbá. Apá Kótónkárífí ni mò ń gbé."

"Ó ti pẹ́ tó?"

"Ọdún márùn-ún."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọdún márùn-ún! Ẹ ò tíì dé nìyẹn."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì wọlé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọlé tẹ̀lé mi.

Bí ẹ kò bá tíì dé Lọ́kọ́ja rí, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ fún yín. Ibẹ̀ ni Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé. Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ láti ara Kwárà àti Bẹ́núé. Ígálà, Ẹ̀bìrà, Ọ̀kun, Owórò, Básà, Núpé àti àwọn mìíràn ló wà níbẹ̀. Àmọ́ ìtàn ìlú náà ju ọjọ́ orí ìpínlẹ̀ lọ fíìfíì. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1900, Lọ́kọ́ja ni Lugard ti gbé àsíá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sókè láti fi kéde ìjọba wọn lórí Àríwá. Orúkọ Nàìjíríà tí gbogbo wa ń jẹ́, Flora Shaw, obìnrin oníròyìn tó wá di ìyàwó Lugard, ló dá a lábàá nínú ìwé ìròyìn The Times ti London ní 1897. Lọ́kọ́ja yìí kan náà ni wọ́n kó díẹ̀ nínú àwọn ọba ilẹ̀ Àríwá wá nígbà tí wọ́n rọ̀ wọ́n lóyè. Àwọn mìíràn nínú wọn kú síbẹ̀, láìpadà fojú kan ààfin wọn.

Mo ń lọ láti àwòrán dé àwòrán. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dùn mọ́ mi. Ẹ ó rí òyìnbó kan tó jókòó sórí àga, orúkọ rẹ̀ àti oyè rẹ̀ wà nísàlẹ̀ àwòrán. Ẹ ó sì rí àwọn ènìyàn dúdú tó dúró yí i ká, àwọn tó ru ẹrù, tó wa ọkọ̀, tó ṣe ògbufọ̀. Kò sí orúkọ wọn níbẹ̀. Mo dúró níwájú wọn pẹ́ díẹ̀, mò ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo sọ nínú ọkàn mi pé, "Olúwa, Ìwọ mọ orúkọ wọn."

Ẹni tó tún dá mi dúró ni Àjàyí, Samuel Ajayi Crowther. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò ní, "Áńgílíkà nìyẹn!" Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ wà nínú Bíbélì Yorùbá tí gbogbo wa ń kà. Mo ti kọ́ ìtàn rẹ̀ ní Sẹ́mínárì, mo ṣe ìdánwò lé e lórí, mo sì gba máàkì tó dára. Ìgbà tí mo dúró sí Lọ́kọ́ja pẹ̀lú lẹ́tà nínú báàgì ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ.

Ọmọ bí ọdún méjìlá ni nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní 1822, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀, wọ́n sì gbé wọn lọ sí Freetown. Ní 1841, ó wà lára àwọn tó bá ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wọ Odò Ọya. Wọ́n fẹ́ dá oko sílẹ̀ nítòsí ibi tí Lọ́kọ́ja wà lónìí, ṣùgbọ́n ibà pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn òyìnbó náà, oko náà sì dàwátì. Ní 1854, Àjàyí tún padà wá pẹ̀lú Dókítà Baikie. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n ń lo kwiníìnì, kò sì sí òyìnbó kan tó kú. Ní 1857 ó tún wá, ọkọ̀ wọn fọ́ nítòsí Jẹ́bà. Ní 1864 wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ó sì ń bọ̀ ní odò yẹn síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín: ìyá rẹ̀ ńkọ́? Ọdún 1846 ni wọ́n tó tún fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Bàbá rẹ̀ ńkọ́? Àárọ̀ ọjọ́ tí ogun wọ Òṣogùn ló rí i kẹ́yìn. Bàbá náà sáré wọlé láti sọ fún wọn pé kí wọ́n sá, ó sì padà sójú ogun. Nígbà tó yá ni Àjàyí gbọ́ pé ogun mìíràn ti pa á.

Òun náà kò sin bàbá rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹsẹ̀ mi kò lè gbé mi mọ́. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Bàbá olùtọ́jú wá, wọ́n rò pé ooru ló mú mi, wọ́n bu omi fún mi. Nígbà tí mo mu ún tán, wọ́n ní, "Ẹ tíì rí irin náà?" Mo ní irin wo? Wọ́n ní kí n lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Holy Trinity, tí wọ́n ní Crowther dá sílẹ̀ ní 1865.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ síbẹ̀. Irin méjì ni, wọ́n rì í mọ́lẹ̀. Irin Òmìnira ni wọ́n ń pè é, nítorí ibẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń sọ ọ́, ni wọ́n ti ń dá àwọn ẹrú sílẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn rẹ̀ yóò kọjá lára rẹ̀. Mo fọwọ́ kan án. Oòrùn ti mú un gbóná. Mo ń rò ó pé, nígbà tí wọ́n ní kí ẹrú kan máa lọ lọ́fẹ̀ẹ́, ibo ló ń lọ? Ìlú ẹlòmíràn nínú wọn ti jóná. Ẹlòmíràn kò rántí ọ̀nà mọ́. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá gba òmìnira ló ń rí ilé padà sí. Ẹlòmíràn ní láti kọ́ ilé tuntun síbi tí ẹkún rẹ̀ ti pin.

Ibẹ̀ ni Jóṣúà orí kẹrin ti sọ sí mi lọ́kàn. Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ti wàásù lórí rẹ̀! Ọlọ́run ní kí ọkùnrin méjìlá gbé òkúta méjìlá, kí ó lè di ìrántí, kí àwọn baba lè rí ohun sọ nígbà tí àwọn ọmọ bá béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí Ọlọ́run ní kí wọ́n ti mú òkúta náà. Kò ní kí wọ́n gbé e láti Íjíbítì. Kò ní kí wọ́n ṣà á ní bèbè, níbi tó gbẹ. Ó ní àárín odò, níbi tí ẹsẹ̀ àwọn àlùfáà dúró sí. Ẹ sì padà sí orí kẹta, ẹsẹ kẹẹ̀ẹ́dógún: odò Jọ́dánì kún kọjá bèbè rẹ̀ ní àkókò náà. Inú omi tó ń dínà mọ́ wọn gan-an ni òkúta ìrántí wà.

Mo bi ara mi léèrè pé: inú omi tó dínà mọ́ mi ní 2022, òkúta wo ni Ọlọ́run fi síbẹ̀ tí n kò gbé?

Mo wá rántí.

Ní ọjọ́ Ẹtì yẹn, bí aago mẹ́wàá ṣe ń súnmọ́, díákónì wa àgbà lu agogo ìjọ. Ògbólógbòó irin táyà ọkọ̀ ni agogo wa, ara igi máńgòrò ni a so ó kọ́. Àwọn ará bí ọgbọ̀n jáde wá. Ilé àwọn mìíràn nínú wọn ti wà nínú omi. Wọ́n mú mi lọ sí etí omi náà, sí ìhà tí ilé wa wà. Díákónì, ọmọ Básà ni wọ́n, gbàdúrà ní èdè wọn. N kò gbọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ orúkọ bàbá mi. Wọ́n ti bi mí ní orúkọ náà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, n kò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Lẹ́yìn náà ni olúkúlùkù bu erùpẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì rọra dà á sílẹ̀ lójú kan. Ìyá Ẹ̀bìrà kan tí kì í ṣe Krìstẹ́nì, aládùúgbò mi, gbé túwó wá, wọ́n sì jókòó tì mí títí di alẹ́.

Mo wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò sí níbẹ̀. Fóònù wà lọ́wọ́ mi, mò ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí n lè rí ìsìnkú tó ń lọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń sọ pé n kò sin bàbá mi. Àwọn ènìyàn tí omi ti kó ilé wọn lọ ló dúró sin wọ́n pẹ̀lú mi. Díákónì tó di báàgì mi mú, tí mo ń bínú sí, òun náà ló kọ́ orúkọ bàbá mi sórí.

Ọ̀gá wa dé ní aago mẹ́rin. Mo fi lẹ́tà náà hàn wọ́n, mo sì ní kí wọ́n jọ̀wọ́ má tíì fi ránṣẹ́, kí a jọ fi àdúrà sí i. N kò ní parọ́ fún yín: n kò mọ̀ bóyá mo ṣì máa pẹ́ níbẹ̀. Màámi ń dàgbà, Ọlọ́run sì lè ní kí n máa bọ̀ nílé. Ṣùgbọ́n bí mo bá kúrò, kò ní jẹ́ ìbínú ni yóò gbé mi kúrò.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo pe màámi, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ létí omi fún wọn. Wọn kò gbọ́ ọ rí. Wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já. Wọ́n wá ní, "Ṣé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sin bàbá yín ni?" Wọ́n ní kí n fún àwọn ní orúkọ díákónì náà, kí àwọn lè máa fi í sínú àdúrà. Ní ọjọ́ kejì, mo lọ kúnlẹ̀ kí díákónì, mo sì tọrọ àforíjì. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ tipẹ́, pé àwọn ń dúró ni.

Ẹ̀yin ará mi lókèèrè, kí ni òkúta tiyín? Mi ò ní kí ẹ sọ pé ohun tó dùn yín kò dùn yín. Jọ́dánì kún lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ padà wo inú rẹ̀. Ta ló bá yín sọ ọmọ lórúkọ nígbà tí ẹbí kò lè wá? Ta ló gbà yín sílé nígbà ìjà ìgboro? Ta ló sùn tì yín ní ọsibítù?

Ẹ sì jẹ́ kí a kọ orúkọ wọn sílẹ̀. T. J. Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi tó kọ́kọ́ wá sílẹ̀ wa ní 1850, fẹ́ mú ìhìnrere dé inú lọ́hùn-ún, ní òdìkejì Odò Ọya. Ó dé Ìjàyè, ó dé Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n kò lè dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní òdìkejì odò kó tó padà sílé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìjọ wa ní Àríwá, àwọn oníṣòwò ló dá a sílẹ̀, pàápàá àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ru ẹrù ọjà àti Bíbélì papọ̀. Nínú yàrá wọn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìsìn. Kò sí àwòrán wọn nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí mo wọ̀. Bí a kò bá kọ orúkọ wọn, àwọn náà yóò dà bí àwọn tó dúró lẹ́yìn àga òyìnbó, ojú wà, orúkọ kò sí.

Ní ìjọ wa, mo ra ìwé ńlá kan. Lọ́jọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn, àwọn àgbà ń sọ, èmi ń kọ: ẹni tó fún ìjọ nílẹ̀, ẹni tó gbé irin táyà náà wá, ẹni tí omi gbé lọ. Àwọn ọmọdé ti ń béèrè ohun tí a ń kọ.

Ọ̀fẹ́ ni mo wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yẹn, ṣùgbọ́n kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tí ẹnìkan kò fi ẹ̀mí tàbí omijé san. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Àgbélébùú, irú ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí yín.

Mo ti gbé àpótí mi kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbin tẹ̀tẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, mo sì gbin ìbẹ́pẹ méjì. Tẹ̀tẹ̀ yóò tó já láìpẹ́. Ìbẹ́pẹ ní láti dúró díẹ̀.

Àdúrà: Olúwa, Ìwọ tó dá odò dúró, la ojú wa kí a rí òkúta tí O fi síbi tí ó ti dùn wá jù. Dáríjì wá nítorí ìbínú tí a fi pamọ́ sábẹ́ iṣẹ́ rere. Bùkún àwọn tó di ẹbí wa ní ilẹ̀ àjèjì, kí o sì tọ́jú àwọn ará ilé wa títí a ó fi rí ara wa. Ní orúkọ Jésù. Àmín.